Kí Ẹ Tó Ná Owó Lórí Hítà àti AC Ọkọ̀ Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹbí sọ ní ìpàdé ìmọ̀ràn wa

A ò ní pẹ́ púpọ̀, nítorí a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́.

Ọ̀rọ̀ hítà àti AC inú ọkọ̀ tó ti dàgbà la fẹ́ sọ. Ẹlòmíràn lè ní, kí ló kan ẹgbẹ́ tó ń ranni lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì? Ó kàn wá gan-an ni. Nígbà tí a bá jókòó ti ẹbí kan tí owó ilé ti wọ́ sílẹ̀, tí a yẹ ìnáwó wọn wò lẹ́sẹẹsẹ, lọ́pọ̀ ìgbà ọkọ̀ la máa ń bá níbẹ̀: owó àtúnṣe kan tí wọn ò retí, tó sì gbé owó iná tàbí owó ilé oṣù yẹn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò lè ṣe aláìní ọkọ̀. Ẹni tó ń ti Bronx lọ tọ́jú arúgbó ní Westchester kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tó ń gbé èrò ní Queens, ẹni tó ń gbé ní apá ibi tí ọkọ̀ ojú irin ò dé ní Staten Island, bí ọkọ̀ bá dúró, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Ìwé ìṣirò owó la kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n a ti bá àwọn mẹkáníìkì jókòó, a sì ti kọ́ èyí tó yẹ kí olówó ọkọ̀ mọ̀. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ẹ má ra nǹkan kan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nǹkan kan, títí ẹ ó fi bi ọkọ̀ yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé atẹ́gùn ń fẹ́? Báwo ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná tó? Ṣé nǹkan kan ń jò? Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Àṣà tí a gbé wá láti ilé

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí tó kan àwa gan-an. Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Kútọnu, ta ló ń ro ti hítà? Omi lásán ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń bù sí rèdíétọ̀. Bí ọkọ̀ bá sì ń gbóná jù, mẹkáníìkì mìíràn á yọ thermostat sọnù, á ní kò wúlò nílẹ̀ olóoru. Ẹni tó bá gbé àṣà méjèèjì yìí dé New York, òun àti ìgbà òtútù ni.

Omi lásán máa ń di yìnyín bí òtútù bá dé 32 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Omi tó bá ń dì a máa wú. Bó bá wú nínú irin ẹ́ńjìnnì, irin náà lè là, ọ̀rọ̀ hítà ti parí nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tuntun ló kù. Ṣùgbọ́n bí a bá po kúláǹtì mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, kò ní dì títí òtútù á fi dé nǹkan bíi 34 nísàlẹ̀ òdo. Òtútù tó le jù tí wọ́n kọ sílẹ̀ rí ní Central Park ni 15 nísàlẹ̀ òdo, ní oṣù Kejì ọdún 1934. Nítorí náà, ìdajì-ìdajì tó wa. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ẹ ò sì mọ ohun tó bù sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ kúláǹtì rẹ̀ wò kí oṣù Kọkànlá tó dé. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ kí ẹ mọ irú èyí tó ń lò, ẹ má kàn po àwọ̀ kan mọ́ òmíràn.

Thermostat ní tirẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn kékeré. Ó ń há omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí á fi gbóná dáadáa, kó tó jẹ́ kó lọ sí rèdíétọ̀. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó nínú òtútù, hítà náà ò sì ní gbóná. Ìdí ni pé hítà ọkọ̀ epo kì í ṣe iná mànàmáná bíi ti inú ilé. Kúláǹtì gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń gba inú rèdíétọ̀ kékeré kan kọjá lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Heater core ni wọ́n ń pe rèdíétọ̀ kékeré yìí. Fáànù á wá fẹ́ atẹ́gùn gba ara rẹ̀ wá bá yín. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Ìbéèrè kìíní: ṣé atẹ́gùn ń fẹ́?

Ẹ tan ọkọ̀, ẹ gbé ọwọ́ sí ojú ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde, kí ẹ máa yí fáànù láti nọ́ńbà tó kéré jù lọ sí èyí tó ga jù.

Bí kò bá fẹ́ rárá, fíúsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìwé ọkọ̀ á sọ ibi tó wà, owó rẹ̀ ò sì ju dọ́là díẹ̀ lọ. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu gẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi sí i. Ẹ má fi èyí tó lágbára jù ú lọ rọ́pò, wáyà lè gbiná. Bí fíúsì tuntun bá tún jó, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ wáyà wò ó.

Bó bá jẹ́ nọ́ńbà tó ga jù nìkan ló ń ṣiṣẹ́, tí àwọn yòókù dákẹ́, mọ́tò fáànù kọ́ ló bàjẹ́. Nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní resistor ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé fáànù odindi ni ẹ máa rà, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Bó bá ń fẹ́ ṣùgbọ́n tí kò lágbára, ẹ wo cabin filter. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó jáde lẹ́yìn ọdún 2000, ẹ̀yìn àpótí ìkówèésí tó wà níwájú ẹni tó jókòó ti awakọ̀ ló máa ń wà. A ti rí èyí tí ewé àti eruku kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò gba irinṣẹ́ kankan.

Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gbóná tí ẹ̀gbẹ́ kejì tutù, tàbí tí nǹkan ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá ń yí bọ́tìnnì ooru, ilẹ̀kùn kékeré tó ń pín atẹ́gùn gbígbóná àti tútù ló ń há. Blend door lorúkọ rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ yìí fún mẹkáníìkì, ó máa dín wákàtí tó fi ń wá a kù, wákàtí yẹn lẹ̀ ń sanwó fún.

Ìbéèrè kejì: báwo ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná tó?

Ẹ wa ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wo ọwọ́ tó ń júwe ìgbóná lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó yẹ kó dúró nítòsí àárín.

Bó bá wà nísàlẹ̀ ṣáá, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń sáré lórí highway, thermostat ló ṣí sílẹ̀ tí kò pa dé mọ́, tàbí kẹ̀ ẹnì kan ti yọ ọ́. Arábìnrin kan láàárín wa tó ń tọ́jú aláìsàn nílé wọn ní irú ìṣòro yìí. Ṣọ́ọ̀bù kan ti sọ fún un pé heater core ló bàjẹ́, àwọn á tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù, owó rẹ̀ sì ju 1,000 dọ́là lọ. Owó ilé oṣù yẹn ló fẹ́ mú lọ san. A bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ìgbóná ńkọ́?" Ó ní ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Ṣọ́ọ̀bù kejì pààrọ̀ thermostat, hítà sì gbóná. Owó tó san kò tó ìdá kan nínú márùn-ún èyí tí wọ́n kọ́kọ́ bù fún un. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè kan péré ló gba owó ilé là.

Bí ọwọ́ ìgbóná bá wà ní àárín, ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn tutù, kúláǹtì lè ti dín, atẹ́gùn lè ti há sínú rẹ̀, tàbí kí heater core ti dí. Bí ẹ bá gbọ́ tí omi ń hó gúlúgúlú lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kúláǹtì ló ṣeé ṣe kó dín. Ẹ wo ike kúláǹtì láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Róbà méjì ló wọ inú heater core. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ á fọwọ́ kàn wọ́n: bí méjèèjì bá gbóná, omi ń kọjá dáadáa, blend door ni kó lọ wò. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, omi ò kọjá. Ẹ bi í bóyá ó ṣe àyẹ̀wò yìí kó tó ní kẹ́ ẹ ra heater core.

Bí ọwọ́ náà bá lọ sí pupa, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá sí ibi tí ẹ lè yà sí lójú ẹsẹ̀, ẹ yí hítà sí gbígbóná pátápátá kí fáànù máa fẹ́, yóò fa díẹ̀ kúrò nínú ooru ẹ́ńjìnnì títí ẹ ó fi ríbi dúró. Ẹ má ṣí ìdérí rèdíétọ̀ nígbà tó bá gbóná o! Omi tó wà níbẹ̀ lè bó ojú èèyàn.

Ìbéèrè kẹta: ṣé nǹkan kan ń jò?

Ẹ tẹ́ páálí mímọ́ sábẹ́ iwájú ọkọ̀ lálẹ́, kí ẹ wò ó láàárọ̀. Omi funfun tí kò ní àwọ̀ tí kò ní òórùn, tó kán nígbà ooru lẹ́yìn tí ẹ lo AC, kì í ṣe àrùn. Bí AC ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní àwọ̀ ewé, ọsàn tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tí òórùn rẹ̀ dùn, kúláǹtì ni. Bí òórùn dídùn yẹn bá ń wá láti inú ọkọ̀, tí gíláàsì iwájú ń ní nǹkan bí òróró lára, tí kápẹ́ẹ̀tì sì tutù, nígbà yẹn la tó lè sọ pé heater core ń jò lóòótọ́. Bí kúláǹtì bá ń dín láìsí ẹ̀kán kan nílẹ̀, tí èéfín funfun tó dùn lórùn ń ti sáléńsà jáde, inú ẹ́ńjìnnì ló lè máa lọ. Ẹ yẹ ìyẹn wò ṣáájú, ẹ má ná owó lórí hítà ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kú lọ.

Kúláǹtì, májèlé ni. Adùn rẹ̀ máa ń tan ọmọdé àti ajá jẹ. Ẹ nù ún kúrò nílẹ̀, ẹ má sì fi í sínú ìgò ohun mímu.

Ti AC wá ńkọ́? Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: gáàsì AC kì í tán bí epo bẹntiróòlù. Inú páìpù tó dé pa ló ń yí po. Bó bá dín, ó jò. Ẹni tó ń ra gáàsì ní ìdọ̀ọdún láìwá ibi tó ti ń jò, agbọ̀n ló fi ń pọn omi.

Bí AC bá tutù nígbà tí ẹ bá ń rìn, tí ó sì ń gbóná nínú gosílóò, kì í ṣe gáàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wo fáànù iwájú rèdíétọ̀ bóyá ó ń yí, kí ẹ sì wo bóyá ewé àti ìdọ̀tí ti dí condenser tó wà níwájú rẹ̀. Bí kò bá tutù rárá, ẹ tẹ bọ́tìnnì AC kí ẹnì kan dúró níwájú ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ó yẹ kó gbọ́ "kọ́" nígbà tí compressor bá mú. Bí kò bá gbọ́ ọ, ó lè jẹ́ fíúsì, ó lè jẹ́ wáyà, ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ti dín débi pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kọ̀ láti tan compressor. Kò tíì túmọ̀ sí pé compressor ti kú.

Oríṣiríṣi ni gáàsì. Ọkọ̀ tó jáde ṣáájú bíi 1994 ń lo R-12. Ó ń ba òfúrufú jẹ́, nítorí náà àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal ní 1987, Amẹ́ríkà sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ìparí 1995. Èyí tó tẹ̀ lé e ni R-134a, òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwa ń wà. Àwọn ọkọ̀ tuntun ń lo R-1234yf, tó wọ́n jù ú lọ dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ sára ìwé tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má po wọ́n pọ̀. Agolo kékeré tí wọ́n ń tà lórí igbá lè bá R-134a mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rọ ọ́ jù lè ba compressor jẹ́. Èyí tí wọ́n pò mọ́ oògùn dídí ihò sì lè ba ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù jẹ́, ṣọ́ọ̀bù mìíràn ò ní gba ọkọ̀ náà mọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni tó ń gbowó tún AC ọkọ̀ ṣe gba ìwé ẹ̀rí fún un. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn yín, kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀.

Ẹ má rò pé AC kò wúlò nígbà òtútù. Òun ló ń gbẹ ọ̀rinrin kúrò nínú atẹ́gùn tí ẹ fi ń nu kùrukùru gíláàsì iwájú. Ẹni tí ò ríran kọjá gíláàsì ò gbọ́dọ̀ wakọ̀.

Ewu tó ju owó lọ

Ní oṣù Kíní ọdún 2016, nígbà tí yìnyín ńlá bọ́, ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ kékeré jókòó sínú ọkọ̀ ní Passaic, ní New Jersey tó múlé tì wá, kí ara wọn lè móoru nígbà tí bàbá ń kó yìnyín níta. Yìnyín ti bo ẹnu sáléńsà. Èéfín carbon monoxide padà sínú ọkọ̀, ó sì pa wọ́n. Èéfín yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbá yìnyín kúrò lẹ́nu sáléńsà kí ẹnikẹ́ni tó tan ọkọ̀, kí ẹ má sì fi ọmọ sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbá a. Bí sáléńsà ọkọ̀ yín bá ń pariwo, ó ti lu. Bí orí bá ń fọ́ yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín nígbàkigbà tí ẹ bá wọnú ọkọ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ má wà á mọ́ títí wọ́n á fi wò ó. Nígbà ooru ẹ̀wẹ̀, inú ọkọ̀ tí a pa lè fi 20 lórí Fahrenheit gbóná sí i láàárín ìṣẹ́jú 10. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀, bó ti wù kí ẹ yára tó.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé òfin New York City kò gbà kí ọkọ̀ tó dúró tan sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú 3 lọ, ìṣẹ́jú 1 péré ni nítòsí ilé ìwé. Wíwà á jẹ́jẹ́ ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbóná.

Ẹ̀tọ́ yín àti owó yín

Ní ìpínlẹ̀ New York, ṣọ́ọ̀bù tó ń tún ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ DMV. Bí ẹ bá béèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye tí iṣẹ́ máa jẹ́ sílẹ̀ fún yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gbà ju iye yẹn lọ láìjẹ́ pé ẹ gbà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé ẹ fẹ́ gba ohun tí wọ́n bá yọ. Bí ìjà bá dé, ẹ lè fi ẹjọ́ sun DMV láàárín 90 ọjọ́ tàbí 3,000 máìlì lẹ́yìn àtúnṣe, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ ò nílò lọ́yà fún un, a ó sì bá yín kọ ọ́ bí gẹ̀ẹ́sì bá ń dà yín láàmú.

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ àlòkù lọ́wọ́ oníṣòwò ọkọ̀, tó ti rin máìlì tó ju 18,000 lọ ṣùgbọ́n tí kò ju 100,000 lọ, tí owó rẹ̀ sì tó 1,500 dọ́là, òfin fún un ní ìdánilójú ọjọ́ 30 sí 90, gẹ́gẹ́ bí ó ti rìn tó. Rèdíétọ̀ wà nínú ohun tí òfin yẹn kà sílẹ̀. AC kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ tan AC àti hítà wò kí ẹ tó sanwó, ì báà jẹ́ inú oṣù Kíní.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n pín ìwé owó sí mẹ́ta: owó àyẹ̀wò, owó ẹ̀yà ara ọkọ̀, owó iṣẹ́. Heater core fúnra rẹ̀ lè má wọ́n, títú dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń gbowó. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ti sún mọ́ iye tí ọkọ̀ náà lè tà, ẹ mú ìwé náà wá kí a jọ gbé e yẹ̀ wò kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ ara yín, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ka máìlì fún owó-orí, owó àtúnṣe ti wà nínú iye tí IRS ń gbà fún máìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò lè tún yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀kan lẹ máa mú, kí ẹ jẹ́ ká bá yín ṣírò èyí tó sàn jù.

Atẹ́gùn, ìgbóná, jíjò. Ẹ kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé kékeré kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì kà á fún mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì rere á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, èyí tí ò dára á mọ̀ pé ojú yín là. Ọkọ̀ á gbé wa, a ò ní rí ìjàǹbá ọ̀nà o.